Irin Tí Ó Ní Ọ̀nà

Kò sí ọmọ tí ó ti la igi ìdáná rí tí kò mọ̀ pé igi ní ọ̀nà. Bí a bá sọ àáké sí igi ní ìbámu pẹ̀lú iṣan rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò là sí méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gé e ní ìbú, àáké a máa ta padà, apá a sì máa ro ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Igi kan náà ni, àáké kan náà ni; ọ̀nà tí a gbà wọ̀ ọ́ ni ó yàtọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé irin pẹ̀lú ní ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀nà tí ojú lè rí, nítorí pé irin pẹlẹbẹ tí ó ti ilé iṣẹ́ jáde a máa dán bákan náà láti etí dé etí. Ṣùgbọ́n bí agbára òòfà bá fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ibì kan wà tí yóò gbà wọ́ọ́rọ́wọ́, ibòmíràn sì wà tí yóò gbà pẹ̀lú ìjàkadì. Bí a ti ń mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, tí a sì ń wọ̀n wọ́n, ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí.

Irin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe irin ọkọ́ tàbí ti àdá. Èyí tí a fi ń ṣe inú tiransifọ́mà àti inú ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí ni. Tiransifọ́mà ni àpótí ńlá tí a máa ń rí lórí òpó tàbí nínú ọgbà tí a fi wáyà yí ká ládùúgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ iná tí ó lágbára jù di èyí tí ilé lè gbà. Iná tí ó ń ti Kainji bọ̀ a máa rin ìrìn àjò rẹ̀ ní 330,000 fóltì, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 230 lọ nígbà tí ó bá dé inú gílóòbù. Kí ó tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò ti gba inú tiransifọ́mà bíi mélòó kan kọjá.

Nínú àpótí yìí, wáyà bàbà méjì ni a ká mọ́ irin kan, wáyà méjèèjì kò sì kan ara wọn níbi kankan. Iná tí ó wọ inú wáyà kìn-ín-ní a máa sọ irin náà di òòfà. Nítorí pé iná náà ń yí padà, òòfà náà ń yí padà. Òòfà tí ń yí padà yìí ni ó sì ń bí iná mìíràn nínú wáyà kejì. Michael Faraday ni ó fi èyí han aráyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1831. Irin nígbà náà ni afárá tí agbára ń gbà láti wáyà kan bọ́ sí èkejì. Bí afárá náà bá sunwọ̀n, ohun tí ó wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Bí kò bá sunwọ̀n, apá kan rẹ̀ yóò di ooru lásán lójú ọ̀nà.

Kí ni ó ń fa òfò náà? Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, orí òòfà tí ó wà nínú irin gbọ́dọ̀ yí láti apá kan sí èkejì, kí ó sì tún yí padà. Irin kì í sì í fẹ́ yí lọ́gán. A máa fà sẹ́yìn, bí ọmọ tí a jí ní àfẹ̀mọ́jú. James Alfred Ewing, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ń kọ́ni ní Tokyo, ṣe ìwádìí ìfàsẹ́yìn yìí ní nǹkan bí ọdún 1881, òun ni ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é títí di òní. Ohun kejì ni pé òòfà tí ń yí padà a máa bí iná kéékèèké nínú ara irin náà fúnra rẹ̀, iná tí ń yí po bí omi odò lẹ́yìn àpáta, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní, àfi kí ó máa mú irin gbóná.

Nítorí ohun kejì yìí ni a kò ṣe ń fi odindi irin kan ṣe inú tiransifọ́mà. Irin pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju bí 0.23 sí 0.35 mìlímítà lọ ni a ń tò lé ara wọn bí ewé ìwé, a ó sì ti fi ohun tí iná kì í gbà kọjá kun ojú wọn. Ẹ̀wẹ̀, a máa ń po sílíkọ́nì mọ́ irin náà, tó nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Robert Hadfield, ará Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú William Barrett àti Brown, ni wọ́n ṣe ìwádìí irin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1900. Ìwọ̀nba sílíkọ́nì yẹn tó láti mú kí ìdènà tí irin ń ṣe fún iná ju ìlọ́po mẹ́rin ti irin lásán lọ.

Òfò tí à ń sọ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Ká ní irin inú tiransifọ́mà kan wúwo tó 300 kílò, kí ó sì jẹ́ pé wáàtì kan ni ó ń ṣòfò lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Wáàtì 300 nìyẹn. Tiransifọ́mà kì í sùn. Bí gbogbo ìlú tilẹ̀ pa iná tí wọ́n sì lọ sùn, irin inú rẹ̀ ṣì ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ní wákàtí 24, òfò náà jẹ́ yúníìtì 7.2, ní ọdún kan, ó di 2,628. Bí ó bá wá jẹ́ pé wáàtì mẹ́ta ni ó ń ṣòfò lórí kílò kan, ọdún kan yóò gbé yúníìtì 7,884 lọ, láti inú àpótí kan ṣoṣo. Ẹni kan ni yóò san owó rẹ̀, yálà ẹni tí ń ta iná tàbí ẹni tí ń rà á. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wáàtì kan àti mẹ́ta yìí kì í sì í ṣe ìyàtọ̀ irin rere àti irin búburú nìkan: irin kan náà lè fúnni ní méjèèjì, bí a bá kọjú rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Kí ni ó fún irin ní ọ̀nà? Irin kì í ṣe odindi ohun kan. Hóróhóró ni, bí gààrí tí omi ta sí tí ó sì dì pọ̀. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, àwọn átọ́ọ̀mù tò létòlétò. Ẹ fi ojú inú wo àpótí kékeré kan tí ìhà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Átọ́ọ̀mù kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan nínú igun rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kan sì jókòó sí àárín gbùngbùn inú rẹ̀. Àìmọye irú àpótí báyìí ni ó tò ti ara wọn tí ó fi di hóró irin kan.

Ní ọdún 1926, àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan méjì, Kotaro Honda àti Seiji Kaya, mú irin tí ó jẹ́ hóró kan ṣoṣo ní ìlú Sendai, wọ́n sì wọn bí ó ti ń gba òòfà sí ní ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìn-ín-ní bá etí àpótí náà lọ. Èkejì dá ojú àpótí kọjá láti igun kan dé igun tí ó dojú kọ ọ́. Ẹ̀kẹta gba àárín gbùngbùn inú àpótí kọjá, láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ ní òdìkejì. Ohun tí wọ́n rí ni pé irin a máa gba òòfà ní ìrọ̀rùn bí a bá bá etí àpótí lọ. Bí a bá dá ojú rẹ̀ kọjá, ó ṣòro díẹ̀. Bí a bá sì gba inú rẹ̀, ó ṣòro jùlọ.

Ṣùgbọ́n nínú irin pẹlẹbẹ lásán, àwọn hóró dà bí èrò ọjà: olúkúlùkù kọjú síbi tí ó wù ú. Nítorí náà, èyí tí ó rọrùn àti èyí tí ó ṣòro ti dà pọ̀, ọ̀nà gbogbo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Norman Goss, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí ọgbọ́n tí a fi lè kó èrò ọjà náà jọ kí wọ́n kọjú sí ibì kan náà. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà ní ọdún 1934. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi rólà tẹ irin náà nígbà tí ó tutù, ó yan án nínú iná ìléru, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì tún yan án. Nínú ooru ìkẹyìn, àwọn hóró díẹ̀ tí ó kọjú sí ọ̀nà kan pàtó a máa gbé àwọn yòókù mì, wọn a sì dàgbà títí ojú lásán yóò fi lè rí wọn bí a bá fi ásíìdì fọ irin náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn àpótí kéékèèké inú hóró wọ̀nyí ti dúró, kí ó wo òrùlé ilé. Àpótí náà kò fi ìdí jókòó. Etí ni ó fi dúró, tí etí rẹ̀ ti òkè sì nà gbọọrọ bí ògóńgó òrùlé. Ibi tí ògóńgó náà nà sí ni ọ̀nà tí rólà gbà tẹ irin. Ibẹ̀ ni òòfà ti ń sáré.

Báwo ni ẹni tí ó ra irin yóò ṣe mọ̀ pé òtítọ́ ni ẹni tí ó tà á fún un ń sọ? Ìdíwọ̀n nìkan ni ó lè sọ ọ́. Ohun èlò tí ó lókìkí jùlọ fún iṣẹ́ yìí ni férémù Epstein, tí a fi orúkọ Josef Epstein, ará Jámánì, pè, ẹni tí ó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1900. A ó gé irin náà ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́: ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 mìlímítà, òòró rẹ̀ kò dín ní 280, kò sì ju 320 lọ. Nígbà tí a bá gé e tán, a gbọ́dọ̀ tún yan án nínú ìléru, nítorí pé àlùmọ́gàjí a máa fún etí irin pa, ìfúnpa yìí a sì máa ba èsì jẹ́. A ó wá to àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà sí ìhà mẹ́rin bí férémù àwòrán, a ó sì fi orí ọ̀kan lé orí èkejì ní àwọn igun kí òòfà má baà rí àlàfo. Ìhà kọ̀ọ̀kan wà nínú wáyà kíká. Ìká 700 ni ó ń gbé iná wọlé, ìká 700 mìíràn sì wà tí ó kàn ń gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin, tí kò gbé iná kan tí ó tó nǹkan.

Ọgbọ́n wà nínú wáyà kejì yìí. Bí a bá wọn agbára tí ó wọlé nìkan, òfò tí ó wà nínú bàbà yóò dà pọ̀ mọ́ ti irin, a kò sì ní mọ ti ta ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mítà wáàtì bá gba ìṣàn iná láti inú wáyà kìn-ín-ní, tí ó sì gba fóltì láti inú ìkejì, òfò irin nìkan ni yóò fi hàn. A ó gbé irin náà lórí ìwọ̀n, a ó pín wáàtì sí iye kílò rẹ̀, èsì sì dé. Nínú irin irú ti Goss, bí a bá gé gbogbo tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà rólà, tí òòfà inú rẹ̀ sì ga dé 1.7 tẹ́sílà, òfò rẹ̀ a máa jẹ́ nǹkan bí wáàtì kan lórí kílò kan. Bí a bá gé irin kan náà ní ìbú, òfò rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́ta.

Nísinsìnyí, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé apá ibo ni yóò burú jùlọ nínú irin náà, yóò dáhùn kíákíá pé ìbú ni, níwọ̀n ìgbà tí òòró ti dára jùlọ. Igi ìdáná ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin kì í ṣe igi. Bí a bá gé tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọ̀nà rólà, tí a tún gé òmíràn ní dígírì 15 sí i, àti ní 30, àti ní 45, títí dé 90, tí a sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé bí igun náà ti ń fẹ̀ ni irin ń lòdì sí òòfà, títí yóò fi dé nǹkan bí dígírì 55. Lẹ́yìn èyí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ìbú, tí ó jẹ́ 90, sàn ju 55 lọ. Aránṣọ ni kì bá tí yà lẹ́nu. Ó mọ̀ pé bí a bá fa aṣọ ní òòró, kì í fẹ́ nà. Bí a bá fà á ní ìbú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á ní ìdágẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti fà gbooro.

Ibi tí 55 yìí ti wá kò ṣòro láti rí, ohun èlò inú àpótí ìṣirò sì tó fún un. Ya ojú àpótí onígun mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Wọn ìlà tí ó dá a kọjá láti igun dé igun. Ìwọ̀ yóò rí nǹkan bí 14.1. Àpótí tí ó fi etí dúró bí òrùlé, bí a bá là á ní ọ̀gbun láti ògóńgó dé ìsàlẹ̀, ojú tí yóò hàn kì í ṣe onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba mọ́: ìhà rẹ̀ kan jẹ́ 10, èkejì jẹ́ 14.1. Irú ojú yìí gan-an ni ó sùn sí ara irin pẹlẹbẹ, ìhà 10 ní ọ̀nà rólà, ìhà 14.1 ní ìbú. Nígbà tí a bá wá fa ìlà láti igun kan rẹ̀ dé igun tí ó dojú kọ ọ́, ìlà náà ni ó gba àárín gbùngbùn inú àpótí kọjá, ọ̀nà tí Honda àti Kaya rí pé ó ṣòro jùlọ. Wọn igun tí ó wà láàrin rẹ̀ àti ìhà 10: díẹ̀ ni yóò fi dín ní 55.

Ìṣòro kan wà nínú wíwọn àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gé ní ìdágẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ti da ọ̀pọ̀ ìwé èsì rú. Wáyà ń ti òòfà kí ó gba òòró tẹ́ẹ́rẹ́. Irin ń fà á sí ọ̀nà rólà. Ẹni tí ó bá ti fa ewúrẹ́ lọ́jà rí yóò mọ bí ó ti rí: okùn ń lọ sí iwájú, ewúrẹ́ ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nínú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ kò ju 30 mìlímítà lọ, òòfà kò rí ibi yà sí, ó sì di dandan kí ó tẹ̀ lé okùn. Nínú irin tí ó fẹ̀, ó rí ààyè yà díẹ̀. Nítorí náà, irin kan náà, ní dígírì kan náà, lè fúnni ní èsì méjì nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, láìṣe pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Férémù Epstein pàápàá ní àdéhùn tirẹ̀ nínú. Kí a tó lè sọ bí a ti fi agbára tó sọ irin di òòfà, a gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀nà tí òòfà ń rìn yí férémù ká ti gùn tó. Ṣùgbọ́n ní àwọn igun tí irin ti gorí irin, kò sí ẹni tí ó lè fi okùn wọ̀n ọ́n. Àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan pé kí á máa pè é ní 0.94 mítà. Ó jẹ́ iye tí gbogbo ayé jọ gbà kí wọ́n lè gbọ́ra wọn yé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́jà ti í fohùn ṣọ̀kan lórí kọ́ńgò tí wọn yóò máa lò. Kì í ṣe pé òòfà náà mọ̀ nípa rẹ̀.

Nítorí irú ìṣòro báyìí ni a fi ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀kan ni kí á gé irin róbótó bí owó wẹ́wẹ́, kí á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kọ́ láàrin ẹnu òòfà ńlá. Róbótó náà yóò fẹ́ yí ọ̀nà ìrọ̀rùn rẹ̀ kọjú sí òòfà ńlá náà. Bí wáyà tí ó gbé e kọ́ ti lọ́ tó ni a fi ń mọ bí ó ti ń jà tó. A ó yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pé òbíríkítí, a ó sì ya èsì rẹ̀ sórí ìwé. Irin kékeré kan ti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà gbogbo nìyẹn, láìsí tẹ́ẹ́rẹ́ gígé lóríṣiríṣi. Ní dígírì 90, róbótó irin Goss a máa sinmi díẹ̀ bí ẹni pé ó ti délé, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ gan-an wà ní ọ̀nà rólà. Àléébù ohun èlò yìí ni pé kò lè sọ òfò wáàtì, èyí tí oníṣòwò fẹ́ gbọ́. Òmíràn ni èyí tí a ń ti odindi abala irin bọ̀, òòró 500 mìlímítà, ìbú 500, tí a sì fi irin ńlá méjì há a mọ́ àárín lókè àti nísàlẹ̀. Ó yá ju Epstein lọ, kò sì sí làálàá àlùmọ́gàjí. Àmọ́ èsì rẹ̀ kì í bá ti Epstein dọ́gba géérégé.

Nínú tiransifọ́mà, irin kan dúró ní òòró, òmíràn dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, òòfà sì gbọ́dọ̀ yà ní igun láti inú ọ̀kan sí èkejì. Bí a bá gé ẹnu irin méjèèjì ní gbọọrọ lásán, òòfà yóò ní láti gba ìbú irin kan kí ó tó yà. Nítorí náà ni a ṣe ń gé ẹnu wọn ní dígírì 45, bí káfíńtà ti í gé igun férémù fèrèsé, kí òòfà lè máa bá ọ̀nà rólà lọ nínú méjèèjì. Ti ẹ̀rọ tí ń yí yàtọ̀. Nínú rẹ̀, òòfà ń yí po láìdúró, kò sí apá ibi tí kì í kọjú sí. Irin tí ó dára ní ọ̀nà kan tí ó sì burú ní ọ̀nà yòókù kò wúlò fún un. Irin tí àwọn hóró rẹ̀ ṣì dà bí èrò ọjà ni a ń lò níbẹ̀, bí òfò rẹ̀ tilẹ̀ tó wáàtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí kílò kan ní 1.5 tẹ́sílà. Bí a bá fẹ́ fi férémù Epstein wọn irú irin bẹ́ẹ̀, ìdajì tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ni a ó gé ní ọ̀nà rólà, ìdajì ní ìbú, kí ìhà méjì férémù tí ó dojú kọ ara wọn jẹ́ ti òòró, kí méjì yòókù jẹ́ ti ìbú.

Ìdí nìyí tí nọ́ńbà òfò kan ṣoṣo kò fi tó láti ta irin. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò béèrè pé ọ̀nà wo ni a gé e, ohun èlò wo ni a fi wọ̀n ọ́n, tẹ́sílà mélòó ni òòfà ga dé, ìgbà mélòó ni iná sì ń yí láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá sí nínú ìwé ẹ̀rí náà, yóò dá ìwé náà padà.